Afẹ́fẹ́ Tí A Fi Han Ẹ̀rọ

Fasilat ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe òfo. Ó ní ó ní ìwọ̀n, ó ní ìpín, àti pé nínú ìpín náà ni iná ti ń jẹun. Inú gáréèjì ilé wa ní Rosettenville, ní Johannesburg, ló ti sọ ọ́. Ó jókòó lórí táyà ògbólógbòó kan, ó ń fi eyín bó ara wáyà bí ẹni tó ń jẹ ìrèké. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Fasilat, ohun tí ojú kò rí, báwo la ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ ní sùúrù, Mọ́mì. Ẹ máa fi ojú ara yín kà á."

Ọmọ Ìwó ni Fasilat. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ́ńjìnnì ní yunifásítì kan níbí, ṣùgbọ́n ọgbà mẹkáníìkì ọkọ mi ló ti kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ epo dúdú. Nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo ọlidé ló ń wá. Ọ̀ṣúndáre ọkọ mi máa ń pè é ní ọmọ òun obìnrin kejì. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí délẹ̀, òun la pè.

Mẹkáníìkì ni Ọ̀ṣúndáre. Ọdún díẹ̀ kí ó tó kú, ó ra ọkọ̀ Golf kékeré kan tó ti gbó, ó sì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ pátápátá. Tó bá ti ṣe ọkọ̀ oníbàárà tán, á fọ ọwọ́, á mu tíì, á wá dúró ti ẹ́ńjìnnì yẹn. Ó wọn písítìnì kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré bíi ti àwọn tó ń ta wúrà, á máa fi ayùn wẹ́wẹ́ ha inú èyí tó wúwo jù títí gbogbo wọn fi dọ́gba. Ó tò ó padà, ó dè é, ó nù ún, ó fi aṣọ bò ó. Kò tíì tan án lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe wà lábẹ́ aṣọ: iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe láyé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Láyọ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, ló ní òun máa gbé e lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣetán ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n sì ti fún un níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Durban. Mo ní kó wọ bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Mọ́mì, Dádì ò ṣe ọkọ̀ yẹn kó máa sùn."

Àbúrò ọkọ mi kò fẹ́. Gbọ́lá lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé mo bá a nílé ọkọ ni, n kò lè pè é lórúkọ. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí pé iṣẹ́ akáńtáǹtì ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú. Ó fi ọwọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, tí ẹ́ńjìnnì yìí bá jó, kí la máa tọ́ka sí láyé yìí pé ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é?"

Gbogbo ilé, títí kan èmi, ìbéèrè yẹn la ń gbé kiri.

Fasilat kò sì sọ pé ẹ̀rù tó ń ba Akọ̀wé kò ní ìdí. Ó ní orí òkè ni Johannesburg wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ti gbàgbé. Afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́. Etí òkun ni Durban. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á máa ki, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń ki ni ẹ́ńjìnnì á máa fa púpọ̀ sínú, bó bá sì ṣe ń fà á sínú ni epo tó nílò ń pọ̀ sí i. Tí epo kò bá tó, iná inú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, á yọ́ orí písítìnì bí àbẹ́là.

Ó ti fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú ọkọ̀ náà tí yóò máa pín epo bí afẹ́fẹ́ bá ṣe rí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Ohun tí a bá sọ fún un níbí ló máa fi ṣe ìṣirò níbẹ̀.

"Tí a bá pa irọ́ fún un lórí òkè níbí," Fasilat sọ, "ó máa gbé irọ́ yẹn dé etí òkun, irọ́ ọ̀hún á sì ti sanra."

Ohun tó máa bá wa sọ òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ kan tó mú wá nínú páálí. Kò ju àtàǹpàkò lọ. Irin ni, ihò wẹ́wẹ́ wà ní ẹnu rẹ̀, wáyà gùn ní ìdí rẹ̀ bí ìrù ọ̀bọ. Fasilat ní kí wẹ́dà lu ihò sí ara páìpù tó ń gbé èéfín jáde, kí ó sì lẹ irin mọ́ ọn tí a ó fi dè é. Ó dúró ti wẹ́dà náà. Ó ní kí ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà dà sísàlẹ̀ díẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí omi òwúrọ̀ má baà kó jọ sí i, torí bí omi bá kan án nígbà tó gbóná, ó máa là.

Mo ní, "Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?"

Láyọ̀ ló dáhùn. "Mọ́mì, ṣé ẹ rántí nǹkan tí wọ́n fi há ìka Dádì ní ọsibítù, tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀? Ó jọ ọ́. Ó ń wo iye ọ́síjìn tí iná jẹ kù. Tó bá jẹ kù púpọ̀, epo ló kéré. Tí kò bá jẹ nǹkan kan kù, tí epo sì ṣẹ́kù, epo ló pọ̀ jù."

"Inú iná tó ń jó lọ́wọ́?"

"Inú iná tó ń jó lọ́wọ́, Mọ́mì."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. Èmi tí mo ti ń dáná láti kékeré, tí mo mọ igi tó máa jó àti igi tó máa rú èéfín, n kò mọ̀ pé ẹnìkan lè bi iná léèrè pé kí lo jẹ kù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Fasilat ní sẹ́ńsọ̀ náà kò mọ nǹkan kan nígbà tó bá ti inú páálí jáde. A gbọ́dọ̀ gbé e sínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, kí a fún un ní iná bátìrì kí ó gbóná dáadáa, kí a wá tẹ bọ́tìnì kan tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ fún un pé: wò ó, afẹ́fẹ́ nìyí. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógún ni ọ́síjìn, ó dín díẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyẹn ló máa fi dá gbogbo nǹkan yòókù lẹ́jọ́.

Mo ní, "Mọ́kànlélógún ti ibí, àbí ti ilé?"

"Ti ibi gbogbo, Mọ́mì."

"Ìjerò ńkọ́, níbi tí wọ́n bí mi sí?"

"Bákan náà ni."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ibí fúyẹ́."

Fasilat sọ wáyà kalẹ̀. Ó ronú díẹ̀. "Tí ẹ bá bu ọbẹ̀ síbí kan fún ẹnìkan, tí ẹ bu síbí mẹ́ta fún ẹlòmíràn nínú ìkòkò kan náà, ṣé iyọ̀ ti ọ̀kan máa ju ti èkejì lọ lẹ́nu?"

Mo ní rárá.

"Bó ṣe rí nìyẹn. Díẹ̀ ni wọ́n bù fún wa lórí òkè níbí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo ayé."

Mo tún un sọ fún ara mi nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Ó dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo ayé. Mo dúró lójú fèrèsé, mo fà á símú bí ẹni tí kò mí rí.

Ìgbà òtútù ni, òtútù Johannesburg tó ń mú kí koríko funfun láàárọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, Akọ̀wé dé pẹ̀lú kóòtù méjì lára àti ìborùn ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ó ti ra ìmbáùlà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ takisí: agolo ńlá tí wọ́n lu ihò sí lára, tí wọ́n ń dá iná èédú sí. Ó wọ́ ọ wọ inú gáréèjì, ó dáná sí i, ó sì fa ilẹ̀kùn gáréèjì wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ìta ni Fasilat wà, ó ti so wáyà sẹ́ńsọ̀ kọ́ ẹ̀ka igi píìṣì.

Akọ̀wé yọ orí ní ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Fasilat! Kí lò ń ṣe níta bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé jáde? Wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n, ìta ló yẹ kí a ti—"

"Ìta wo? Kí òtútù pa ọ́ lójú mi, kí n wá lọ máa ṣàlàyé fún ìyá rẹ ní Ìwó? Iná ti ràn, ibi yìí ti móoru. Wọlé jàre."

Fasilat wo sẹ́ńsọ̀. Ó wo ojú Akọ̀wé, ó wo iná tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tú wáyà náà, ó gbé gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Nígbà tó so ó mọ́ bátìrì, kò pẹ́ tí mo rí i tí inú ihò wẹ́wẹ́ yẹn ń pọ́n, tó ń pọ́n bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Fasilat tẹ bọ́tìnì. Iná kékeré kan ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó dúró.

"Ó ti mọ̀ ọ́n," Fasilat sọ.

A pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé gbàdúrà lé e lórí, ó gbà á gùn débi pé èédú fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán. Orí ń fọ́ mi díẹ̀, mo rò pé ìdùnnú ni.

Nígbà náà ni wọ́n dè é mọ́ páìpù, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, Láyọ̀ sì wọ inú ọkọ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́. Ó tún yí i. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ̀n, ó sì la ohùn.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe ohùn náà. Kò pariwo. Ó rẹlẹ̀, ó dọ́gba, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sọ àmín pọ̀ láì pariwo. Láyọ̀ gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Akọ̀wé yọ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi nu ojú, ó ní èéfín ni.

A jáde lọ dán an wò. Láyọ̀ ló wa ọkọ̀, Akọ̀wé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti Fasilat wà lẹ́yìn pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí itan rẹ̀. Ohun tí mo rí lójú láptọ́ọ̀pù náà, mo lè fi búra. Ìlà pupa kan wà tó ń sáré lọ láì dúró. Tí Láyọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀, á wọlẹ̀. Tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè, á fò sókè. Gbogbo rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ìṣẹ́jú ojú kan tó fò. Fasilat ní èémí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Tí ìlà bá ga, ebi epo ń pa iná. Tó bá wà nísàlẹ̀ jù, epo ti kún un lọ́fun. Mo ń wo bí iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀ṣúndáre ṣe ń mí.

"Ó ń jẹ àjẹkì," Fasilat sọ. "Ẹ wo bí ìlà ṣe wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dín epo rẹ̀ kù."

Ó dín in. A tún lọ. Ó tún dín in. Ọkọ̀ náà wá fúyẹ́, ó ń fò bí ẹyẹ, Akọ̀wé sì ń ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí a fi dé róbọ́ọ̀tì, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, ó ń juwọ́ sí àwọn awakọ̀ takisí tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gun òkè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ àwọn awawúrà, ohùn kan dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo.

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò!" Fasilat kígbe. "Láyọ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò!"

Ọkọ̀ dúró. Fasilat tẹjú mọ́ láptọ́ọ̀pù pẹ́.

Akọ̀wé ní, "Kí ni nọ́ńbà wí?"

"Nọ́ńbà ní ó dára, sà."

"Kí wá ni ìṣòro?"

"Etí mi ní kò dára."

A rọra wà á padà sílé. Kò sí ẹni tó juwọ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, Fasilat ti wà lójúde. Ó ti tú sẹ́ńsọ̀ kúrò lára páìpù, ó sì so ó kọ́ okùn tí mo ń sá aṣọ sí. Láptọ́ọ̀pù wà lórí àga.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà yìí. Ojú mi lè máa tàn mí jẹ."

Mo súnmọ́ ọn. Àgbà ni mo jẹ́ kí n tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, n kì í sì í kánjú ka ohunkóhun títí di òní. Mo fi ìka tọ̀ ọ́. "Méjìlélógún. Pọ́ìntì. Mẹ́ta."

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Fasilat jókòó sórí koríko tútù.

Láyọ̀ àti Akọ̀wé jáde wá. Akọ̀wé ní, "Méjìlélógún ju mọ́kànlélógún lọ, ṣé kò dára ni? Bóyá afẹ́fẹ́ Rosettenville lọ́ràá ju tàwọn yòókù lọ."

"Ẹ̀gbọ́n," Fasilat sọ, "kò sí irú afẹ́fẹ́ yẹn níbì kankan lábẹ́ ọ̀run. Ọlọ́run kò dá a. Sẹ́ńsọ̀ yìí ń sọ pé ìta yìí ní ju ohun tí gbogbo ayé ní lọ."

Ó ṣàlàyé. Lánàá, nínú gáréèjì tí a tì, èédú ti jẹ nínú afẹ́fẹ́ kí a tó tẹ bọ́tìnì. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù, tó kún fún èéfín tí ojú kò rí, la fi han ẹ̀rọ. A ní kí ó gbà pé odindi nìyí. Ó gbà wá gbọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá wọ̀n ló ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí epo pọ̀ díẹ̀, ó ní ó pọ̀ gan-an. Fasilat sì ń dín in kù, ó ń dín in kù, títí ebi fi ń pa ẹ́ńjìnnì náà lórí òkè, tó ń kígbe.

Ojú Akọ̀wé yí padà. "Nítorí iná tí mo dá?"

"Nítorí ẹnu tí n kò là ni, sà. Mo mọ̀ pé ìta ni wọ́n ti ń ṣe é."

"O mọ̀? Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

Fasilat wo ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ni yín, sà. Ẹ sì ti dárúkọ ìyá mi."

Akọ̀wé rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà. "Gbọ́," ó ní, "láti òní lọ, tó bá ti kan ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni àbúrò rẹ. Ṣé o gbọ́? Jágbe mọ́ mi. Bú mi pàápàá."

"N kò lè bú yín, sà."

"Bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára rẹ bá mọ."

Mo ti sọ fún Láyọ̀ pé orí fọ́ mi lánàá, ó ti mú ọwọ́ mi, ó ń wo èékánná mi. "Orí ń fọ́ Mọ́mì lánàá, wọn ò sọ. Bàbá kékeré, afẹ́fẹ́ yẹn kan náà ni gbogbo wa mí sínú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé odidi ìdílé wá fún wa ní ọsibítù nígbà òtútù, àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ iná èédú sùn. Ẹ má dán an wò mọ́. Eish!"

Akọ̀wé kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wa ti kúrò lórí ara wa, ó ti wà lórí ọkọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé písítìnì ti yọ́?

Fasilat ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo ló máa sọ. Ó tú àkọ́kọ́, ó nà án sí oòrùn. Ẹnu rẹ̀ funfun báláú bí ẹfun. Ó ní ebi ló jẹ́ kó funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn lòun ń wá. Ohun tóun ń wá ni èérún irin kékeré tó ń dán, torí bí ó bá wà níbẹ̀, ara písítìnì ló ti já. Kò rí i. Ó tú èkejì. Kò rí i. Ó tú ẹ̀kẹta, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Mo rí i. Nǹkan kan ń dán níbẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́.

Akọ̀wé yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní jẹ́jẹ́, "Bọ̀ọ̀dá mi. Bọ̀ọ̀dá mi."

Fasilat fi etí èékánná kan án. Ó fọ́ sí lẹ́búlẹ́bú. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tutọ́.

"Iyẹ̀pẹ̀ ni," ó ní. "Iyẹ̀pẹ̀ ìta ni. Irin kì í fọ́ báyìí." Ó tú ẹ̀kẹrin. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Nǹkan kan kò tíì ṣe é. Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe é."

Láyọ̀ ní, "Ó wà láàyè," ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára.

A kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ da omi sí ìmbáùlà, ó wọ́ ọ jáde lọ sí ìta, ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ gbayawu. Fasilat tún so sẹ́ńsọ̀ kọ́ ẹ̀ka igi píìṣì. Ó ń gbóná. Lójijì ni takisí kan dúró lẹ́nu géètì wa láti gbé aládùúgbò, ó ń tú èéfín.

Fasilat wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo Fasilat. Fasilat mí kanlẹ̀, ó sì pariwo: "Bọ̀ọ̀dá Gbọ́lá! Ẹ lọ lé e!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀!" Akọ̀wé sáré. Mo gbọ́ tó ń bẹ awakọ̀ náà pé kó jọ̀ọ́, kó pa ẹ́ńjìnnì, a ń wọn afẹ́fẹ́. Ọkùnrin náà bi í bóyá ìjọba ti fẹ́ máa gba owó orí lórí ìyẹn náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní shap, kò burú, bàbá, ó sì wà á lọ.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti gúúsù, tútù, ó mọ́. Fasilat ní kí gbogbo wa jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má mí sí i. A dúró lẹ́bàá ògiri bí àwọn tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí kò gbọ̀n. Òtútù ń jẹ etí Akọ̀wé, kò sọ̀rọ̀.

Fasilat tẹ bọ́tìnì. Iná kékeré ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó dúró. Ó fi ọwọ́ pè mí. Mo lọ, mo kà á fún wọn sókè.

"Ogún. Pọ́ìntì. Mẹ́sàn-án."

Igi píìṣì kò ní ewé kankan lórí. Láàárín ẹ̀ka rẹ̀ mo rí ojú ọ̀run, tó lọ láì ní ìdíwọ́ títí dé ibi gbogbo. Nǹkan kan náà ni ìyá mi fà símú ní Ìjerò nígbà tó ń rọbí mi. Òun kan náà ni Láyọ̀ fi ké igbe àkọ́kọ́. Èémí tí Ọ̀ṣúndáre fà gbẹ̀yìn, ìpín yìí ló wà nínú rẹ̀, kò lé, kò dín. Ẹnikẹ́ni kò rí ju ẹnìkejì rẹ̀ gbà. Irin kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló ń sọ ọ́ fún mi láàárín ọgbà mi, èmi sì lè kà á. Mo kúnlẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀ títí òtútù koríko fi wọ aṣọ mi. Láyọ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ pé kí n dìde.

Ọ̀sán yẹn ni Fasilat dá epo padà sí ẹ́ńjìnnì náà, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìlà pupa. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ki. A gun òkè iyẹ̀pẹ̀ yẹn nígbà mélòó kan, kò sí òkúta nínú agolo mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wà á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí adágún Hartbeespoort, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju tiwa lọ dáadáa. Bí a ṣe ń sọ̀ ni etí mi ń dí, tó ń là. Fasilat ní afẹ́fẹ́ ló ń ki. Mo tẹjú mọ́ ìlà náà. Afẹ́fẹ́ ń pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ń bu epo sí i, ìlà pupa sì dúró sójú kan bí okùn tí wọ́n fà le. Kò ga, kò wálẹ̀.

Akọ̀wé yí ojú padà láti iwájú. "Ìyàwó wa, ṣé ó dúró?"

Mo ní, "Ó dúró."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Akọ̀wé, mò ń kà á."

Nígbà tí a dé etí omi, Akọ̀wé bọ́ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, ó wá sọ fún Láyọ̀ láì wò ó pé, "Máa gbé e lọ."

Òwúrọ̀ kùtù ló lọ. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Ó to ìwé rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó di láptọ́ọ̀pù mọ́ àga iwájú bí èèyàn, kí ó lè máa kọ èémí ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ títí dé etí òkun. Fasilat dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, ó dìde, ó ní ó dúró dáadáa. Akọ̀wé gbàdúrà, ó sì ṣe é ní kúkúrú. Mo di ojú Láyọ̀ mú. Mo fẹ́ sọ nǹkan púpọ̀. Mo ní kí ó jẹun lọ́nà.

"Mọ́mì," ó ní, "mo máa jẹun."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra jáde ní géètì, ó sọ̀ kalẹ̀ lójú títì wa láàárín àwọn ògiri funfun àti àwọn ajá tó ń gbó. Ní ìsàlẹ̀, róbọ́ọ̀tì dá a dúró. Mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti inú gíláàsì, ó gbé ọrùn dúró ṣánṣán bíi ti bàbá rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè. Akọ̀wé náà gbé tirẹ̀ sókè. Fasilat gbé ọwọ́ tí epo dúdú wà lára rẹ̀ sókè. Iná yí sí àwọ̀ ewé, ohùn ẹ́ńjìnnì náà ki, Láyọ̀ sì yà sí ọ̀nà Heidelberg tó lọ sí Durban, ó lọ, kò bojú wẹ̀yìn.